Ọjọ́ Tí Sàréè Yèyé Gbóná

Òórùn kòkó tó ń kan lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, láàárọ̀ tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá! Bó bá ti kàn mí nímú báyìí, abúlé wa lẹ́yìn Iléṣà ni mo bá ara mi.

Ẹ̀yin tá a jọ dàgbà mọ̀ pé inú ilé la ń sin àgbà sí nígbà yẹn. Yàrá tí Yèyé, ìyá bàbá mi, ń sùn la sin ín sí, a fi amọ̀ rẹ́ ilẹ̀ ẹ̀. Lọ́dún tí mo pé ọmọ mẹ́sàn-án, òjò ò jẹ́ ká rímú mí, ni bàbá mi bá kó kòkó tútù lé orí sàréè, ó fewé bò ó. Ó ní, "Yèyé ló gbìn ín, kó bá wa ṣọ́ ọ."

Ọjọ́ kẹfà, a gbọ́ pé Màmá Òṣogbo, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, ń bọ̀. Àyà bàbá mi já. Èmi àti ẹ̀ yára kó kòkó síta, a gbálẹ̀ mọ́. Ó fojú kò mí lójú: "O ò rí nǹkan kan o."

Màmá Òṣogbo dé, ó lọ kúnlẹ̀ nídìí sàréè, ó kí ìyá ẹ̀. Ó fọwọ́ kan ilẹ̀. Ariwo ta!

"Ilẹ̀ gbóná! Inú ń bí Yèyé! Ẹ fẹ́ rán ọmọbìnrin yín yìí lọ ilé ìwé, ta ni ó máa tọ́jú yàrá ẹ̀?"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Ọmọ náà ò ní lọ mọ́, Màmá."

Mo wo bàbá mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Bàbá tó máa ń sọ fún wa pé, "Kóo tó sá, wo ohun tó ń lé ọ"!

"Màmá, ẹ gbóòórùn ọwọ́ yín!"

Ìyá mi gbá mi lẹ́nu. Mo tún un wí.

Màmá Òṣogbo gbé ọwọ́ símú. Bàbá mi ti dọ̀bálẹ̀.

"Ìwọ! Kòkó lo kó lé ìyá wa láyà?"

"Òjò ni, ẹ̀gbọ́n mi. Kòkó tó ń kan ló mú ilẹ̀ gbóná."

"Òjò á pa ẹ́!" Ni ẹ̀rín bá gbé e, àfi ìgbà tó jókòó sórí sàréè. "Yèyé á kàn ní kẹ́ ẹ tètè yí kòkó náà, kó má baà bu ni." Ó nawọ́ sí mi. "Ẹlẹ́nu gbọọrọ, gbé orí wá." Ọwọ́ ara ẹ̀ ló fi dirun tí mo gbé lọ ilé ìwé.

Ọdún mẹ́ta péré ni mo lò níbẹ̀. Ìyókù, èmi ni mo kọ́ ara mi. Àwọn èèyàn máa ń ní mo gbóná jù. Irọ́ ni! Lónìí bí àgbà bá sọ̀rọ̀ tí ò tọ́, mo ń kọ́kọ́ gbé e mì, mo ń wo iwájú, mo ń wo ẹ̀yìn kí n tó fèsì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án yẹn ò wo nǹkan kan. Wọ́n gbá a lẹ́nu, ó tún un wí. Mo jù ú lọ nínú ìwé, àmọ́ mi ò tíì tó o láyà. Kò burú. Mo ṣì ń dàgbà lọ bá a.