Ìka Tí Wọ́n Ń Béèrè

Òsì-ń-jó ni àwọn ará ọ́fíìsì wa ń pe ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Kì í ṣe èébú. Ẹ ò rí i nígbà tó bá jókòó ti kọ̀ǹpútà, tí ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ ń sá kiri lórí bọ́tìnì bí adìyẹ tó rí àgbàdo. Ẹlòmíràn tó ní ọwọ́ méjì kì í bá a. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ náà. Ó ní kí aráyé tó wá orúkọ burúkú fún òun, kí òun ti fún wọn ní èyí tó dùn ún pè.

Ẹ̀rọ tó ń gé páálí nílé-iṣẹ́ wa ló gé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ láti ọrùn ọwọ́. Ilé-iṣẹ́ kan náà ló ń sanwó fún èmi àbúrò rẹ̀, torí èmi ni mò ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà. Páálí la ń ṣe, a sì ní ẹ̀ka káàkiri àgbáyé. Nígbà tí ọgbẹ́ jinná, wọ́n gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n fi í sí ọ́fíìsì tó ń ṣètò ọkọ̀ tó ń kó ọjà jáde. Iṣẹ́ yẹn ló fi ń tọ́mọ. Ọkùnrin ọlọ́wọ́ kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, ta ló tún fẹ́ gbà á síṣẹ́ níbòmíràn?

Àfi bí àṣẹ ṣe dé láti olú ọ́fíìsì lókè òkun. Wọ́n ní kọ̀ǹpútà gbogbo ẹ̀ka gbọ́dọ̀ di irú kan náà, kí ọ̀nà tí a ó máa fi ṣí i náà jẹ́ ọ̀kan. Kò burú. Àwọn ògbólógbòó tí à ń lò, òmíràn wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé tí o bá tàn án, wàá lọ mumi, wàá padà dé, á ṣì máa ronú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ní ká máa fi ṣí tuntun ló dáràn. Èèyàn ò tẹ ọ̀rọ̀ kankan mọ́. Ìka ni ẹ̀rọ ń fẹ́, ìka ìfábẹ̀lá ọwọ́ ọ̀tún, lórí gíláàsì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ń lọ láti tábìlì dé tábìlì, ó ń gba ìka kálukú. Ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi, kò gbójú sókè, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú ìka ọ̀tún wá." Nígbà tó wá rí ohun tó sọ, ojú tì í. Ó gbìyànjú àtàǹpàkò òsì, ẹ̀rọ kọ̀ ọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ní àbí ẹ̀rọ rò pé ilé baba rẹ̀ lòun fẹ́ fi ọwọ́ òsì júwe ni. Ọkùnrin náà ò lè rẹ́rìn-ín. Ó ní bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀ láti òkè nìyẹn, òun ò láṣẹ láti yí i padà.

Ọ̀gá wa kọ̀wé sókè. Èsì dé pé àwọn ò ní yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀, torí tí àwọn bá yọ ẹnì kan, ẹlòmíràn á tún bẹ̀bẹ̀. Ni Ìyá Ìbejì tó jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi bá ní kó jẹ́ kí òun máa fi ìka tòun ṣí i fún un. Láràárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á dúró bí ọmọ tí wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ síta. Tó bá yà sílé ìtọ̀, ẹ̀rọ á ti tì, á tún máa bẹ obìnrin náà. Àṣé orúkọ Ìyá Ìbejì ni ẹ̀rọ ń kọ gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ sí. Nígbà tí oṣù parí, olú ọ́fíìsì rí i pé obìnrin kan ń ṣiṣẹ́ èèyàn méjì, pé ọkùnrin kan ò sì fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n yin obìnrin. Wọ́n ní kí ọkùnrin wá sọ ìdí tí àwọn ò fi ní lé e.

Mo gbààwẹ̀, mo gbàdúrà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe kúnlẹ̀, ìbínú ló ń ti ẹnu mi jáde. Mo ní, Ìwọ tí o dá ìka mẹ́wàá, níbo lo wà lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ń gé e? Mo dìde, mo wọ bàtà, mo gba ibi iṣẹ́ lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n pè é bọ́ sí ọjọ́ tí ọ̀gá àgbà olú ọ́fíìsì máa ń bá gbogbo ẹ̀ka sọ̀rọ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n ńlá tó wà lára ògiri. Èmi ni mo gbé omi wọlé. Ọ̀gá àgbà ń rẹ́rìn-ín, ó ń yin ẹ̀rọ tuntun, ó ní kò sẹ́ni tó máa jẹ́ àlejò nídìí ẹ̀rọ wa mọ́, ibi yòówù kó lọ. Ẹ̀gbọ́n mi tí wọ́n ti ní kó jókòó sẹ́yìn bá dìde. Ó lọ síwájú, ó ká apá ẹ̀wù sókè, ó na kùkùté ọwọ́ sí ojú kámẹ́rà tó wà lórí tẹlifíṣọ̀n náà títí kò fi sí ohun mìíràn tí ọ̀gá àgbà lè rí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ìka tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ mi, ọ̀dọ̀ yín ló wà. Ẹ̀rọ yín ló gbà á. Tí ẹ bá rí i, ẹ fi ránṣẹ́, kí n lè ríṣẹ́ ṣe."

Ọ̀gá wa ní, "Òsì-ń-jó, jọ̀ọ́, jókòó."

"Ẹ ò jẹ́ kí n jókòó nídìí iṣẹ́, kí ni mo fẹ́ jókòó síbí ṣe?"

Ìyá Ìbejì náà dìde, ó ní iṣẹ́ tí wọ́n torí ẹ̀ yin òun kì í ṣe tòun, ìka òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu ọ̀gá àgbà. Ó ní kò sẹ́ni tó sọ fún òun. Irọ́ ni. Ọ̀gá wa kọ̀wé, wọn ò kà á dénú ni.

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, wọ́n tún ètò náà ṣe ní gbogbo ẹ̀ka. Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe padà wá, ó wo ẹ̀gbọ́n mi lójú lọ́tẹ̀ yìí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú èyí tó bá wù yín wá." Àtàǹpàkò òsì ló mú wá. Ẹ̀rọ ṣí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ní ká lọ dúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ẹni tó jí ewúrẹ́ mi gbé, tó wá dá okùn rẹ̀ padà, òun ni kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀?" Mo ní Ọlọ́run la fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe ilé-iṣẹ́. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ó dá ìwọ lójú?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ohùn mi ò jáde dáadáa.

Ó tẹ̀ lé wa lọ ṣá, ó jókòó sẹ́yìn. Nígbà tí àlùfáà ní ká gbọ́wọ́ sókè, mo bojú wẹ̀yìn. Kùkùté yẹn ló gbé sókè, bó ṣe nà án sí kámẹ́rà gẹ́lẹ́. Mi ò mọ̀ bóyá ọpẹ́ ni àbí ìbéèrè. Mo ṣe àmín sí i.