Èéfín Tó Yí Padà

Ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí nígbà tí ọ̀gá mi ní kí n bá ọkọ̀ òfurufú kékeré kan gbé irin ẹ̀rọ láti Èkó wá sí Òṣogbo. Mo ní kí n wọ mọ́tò. Ó ní ẹ̀rọ tí irin náà wà fún ti dúró, mọ́tò á pẹ́. Ibi tó bá wu ẹ̀fúùfù lẹ́lẹ́ ní í darí ìgbẹ́ sí, ibi tó wu olówó ẹni ní í ránni lọ. Mo jókòó ti awakọ̀, mo fajú ro, mo sì gbé irin ọ̀hún sítòsí ẹsẹ̀ mi.

Nígbà tí a dé òkè pápá tí a ó balẹ̀ sí, mo rí àwọn obìnrin aláró tó sá aṣọ sétí koríko. Lópin pápá, ìyá àgbà kan ń ro ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ń ya àdìrẹ. Èéfín iná rẹ̀ ń fẹ́ bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Awakọ̀ nawọ́ sí i, ó ní bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, pé ojú atẹ́gùn ni ọkọ̀ òfurufú ń kọ sí tó bá fẹ́ balẹ̀.

A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀ nígbà tí èéfín náà nà dúró, ló bá tẹ̀ sí òdìkejì. Atẹ́gùn ti bọ́ sẹ́yìn wa, ó ń tì wá. Táyà kanlẹ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kọ̀, kò dúró. Ó sáré kọjá aṣọ, ó kọjá iná ìyá àgbà, ó fi imú gún kòtò, ó sì fẹ̀gbẹ́ ti ọ̀gán, ilé ikán ńlá kan.

Ọ̀gán yẹn dí ìlẹ̀kùn tèmi pa. Awakọ̀ dákú, òun ló dí ìlẹ̀kùn kejì. Irin ọ̀gá mi há mi lẹ́sẹ̀. Òórùn epo bẹntiróòlù gba gbogbo inú ọkọ̀. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí i pé atẹ́gùn tó tì wá dànù náà ló tún ń gbé iná ta bọ̀ lọ́dọ̀ wa. Èmi ọmọ Mẹ́tọ́díìsì Iléṣà tí wọ́n fi sáàmù tọ́ dàgbà, àdúrà kan ò wá sí mi lẹ́nu.

Àwọn obìnrin náà sáré bọ̀, ìyá àgbà ló ṣíwájú. Ó sún mọ́ wa títí ojú wa fi ṣe mẹ́rin. Ló bá yíjú padà, ó sá lọ. Inú bí mi. Gbogbo èébú Ìjẹ̀ṣà tí màmá mi ò mọ̀ pé mo gbọ́ rí ni mo kó jáde, mo fi lé e lẹ́yìn.

Mo ṣì ń bú u lọ́wọ́ nígbà tí mo rí i tó fi èjìká ti ìkòkò aró rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná, ìkòkò ràgàjì tó kún dẹ́nu, tí kò tíì ki aṣọ kankan bọ inú rẹ̀. Gbogbo aró náà dà sórí iná. Iná kú.

Ó tún sáré padà wá. Wọ́n wọ́ awakọ̀ jáde, ìyá náà rá wọlé gba ibẹ̀, ó yọ irin kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ó sì fi ọwọ́ tó dú dé ìgbọ̀nwọ́ fà mí síta. Mi ò lè wo ojú rẹ̀.

Mo ní, “Ìyá, ẹ má bínú. Mo rò pé ẹ ti fi mí sílẹ̀ ni.”

Ó ń fi ìborùn rẹ̀ nu ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ mi. “Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Bí o bá dákẹ́ ni ọkàn mi ì bá já.”