Káàdì Ìbí Tí Kò Ní Orúkọ

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Big Mummy, kì í jókòó nínú bọ́ọ̀sì. Ó pẹ́ tí mo fi rò pé agídí ni. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Downsview ni wọ́n ti ń fọ aṣọ, èmi sì ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì dókítà kan tí kò jìnnà síbẹ̀, nítorí náà a jọ máa ń wọ bọ́ọ̀sì láti Jane and Finch láàárọ̀. Àyè á ṣí sílẹ̀, wọn á di irin mú, wọn á ní, "Jókòó ìwọ, ó rẹ̀ ẹ́." Ìgbà tó yá ni mo tó mọ̀ pé bí wọ́n bá fi lè jókòó, orúnkún wọn kò ní jẹ́ kí wọ́n tètè dìde mọ́.

Èmi kì í ṣe onísùúrù. Mo mọ̀ pé ọdún mẹ́rin ni Big Mummy fi ju ìyá mi lọ, ìyá mi sì ti pé mọ́kànlélọ́gọ́ta lọ́dún náà. Ìṣirò yẹn kò le. Ní Kánádà níbí, ẹni tó bá ti pé ọdún márùndínláàádọ́rin, tó sì ti gbé ìlú yìí fún ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tó dàgbà, ìjọba á máa fún un lówó lóṣooṣù títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Owó àgbà ni àwa ń pè é. Kò dìgbà tí èèyàn bá mọ ẹnì kankan níbì kankan. Big Mummy ti lo ogún ọdún ó lé níbí. Kí ló wá dé tí wọ́n ṣì ń gbé agbọ̀n aṣọ tútù?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, mo tẹ fọ́ọ̀mù jáde ní ọ́fíìsì, mo gbé e lọ bá wọn ní kíṣìnnì.

"Big Mummy, ẹ mú passport yín wá, ká parí ọ̀rọ̀ yìí lónìí."

"Ìrẹsì mi á jóná."

"Ẹ jẹ́ ó jóná."

Wọ́n kọjú sí ìkòkò wọn. Mo mọ dúrọ́ọ̀ tó wà nínú rẹ̀, mo fà á, mo mú passport, mo sì jókòó láti máa kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi ọjọ́ ìbí, ọwọ́ mi dúró. Ọjọ́ ìbí ìyá mi ni mo rí níbẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ àti oṣù nìkan, ọdún náà ni.

"Big Mummy, kí ni ọjọ́ ìbí ìyá mi ń wá nínú passport yín?"

Wọ́n pa iná sítóòfù. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n, mo sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti dé.

"Ilé ni wọ́n bí mi sí," ni wọ́n wí. "Ìyá rẹ, ilé ìgbẹ̀bí ni. Ọjọ́ kejì ni nọ́ọ̀sì kọ káàdì fún un. Ọmọ ò tíì pé ọjọ́ mẹ́jọ, wọn ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, nítorí náà 'ọmọbìnrin' lásán ni nọ́ọ̀sì kọ, ó wá kọ orúkọ bàbá wa sí i."

Big Mummy ló gbé àwọn àbúrò pọ̀n, wọ́n sì pẹ́ kí wọ́n tó wọ ilé ìwé. Nígbà tí wọ́n yege láti wọ sẹ́kọ́ńdìrì, ọjọ́ orí wọn ti kọjá iye tí ilé ìwé náà ń gbà, ilé ìwé sì ní kí wọ́n mú ìwé ẹ̀rí ọjọ́ orí wá. Bàbá wọn rántí káàdì yẹn. Ọmọbìnrin ni wọ́n kọ síbẹ̀, ọmọbìnrin náà ni Big Mummy.

"Ìyá rẹ fúnra rẹ̀ ló lọ mú un wá nínú àpótí. Wọ́n sọ fún un pé tiẹ̀ ń bọ̀." Wọ́n ń wo ìkòkò ìrẹsì. "Tiẹ̀ ò dé mọ́. Bàbá kú, kò sì sí káàdì mìíràn."

Inú bí mi, n kò ní purọ́. Ìyá mi ti ń ránṣọ láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi kàwé, wọn á ní orí àwọn ló yan abẹ́rẹ́. Mo la ẹnu, mo ní, "Tótó ó ṣe bí òwe o, bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún..." Ojú tì mí, n kò parí ẹ̀. Big Mummy ló parí ẹ̀ fún mi.

"Ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Ó ti bá mi tipẹ́. Orúnkún ló gbá mú."

Mo rẹ́rìn-ín, n kò mọ ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo ti ní ọ̀nà àbáyọ lọ́kàn: ká ránṣẹ́ sílé, kí àwọn ará ilé lọ búra ní kóòtù pé ọjọ́ orí tó wà nínú ìwé kò tọ̀nà. Bàbá wọn ti kọ ọjọ́ ìbí gbogbo ọmọ sí ẹ̀yìn Kùránì, ẹ̀rí sì wà. Ọmọ wọn ọkùnrin tó ń gbé ní Scarborough gbà pẹ̀lú mi lórí fóònù. "Mummy, just do the affidavit. It's even the truth this time," ló wí.

"Òótọ́ ni," Big Mummy dá a lóhùn. "Àmọ́ ọdún mẹ́rin yẹn, mo ti jẹ ẹ́. Ó gbé mi wọ ilé ìwé, ó sọ mí di tíṣà, ó gbé mi dé Kánádà tí mo fi bí ẹ. Nígbà tó ń dùn, mo gbà láti jẹ́ ọmọdé. Ó wá kan owó, kí n sáré padà di àgbà? Mi ò ṣe. Ọdún mẹ́rin ò pẹ́ náà."

Mo rò pé ẹnu lásán ni. Ọdún mẹ́rin pẹ́ gan-an lórí orúnkún tó ti bàjẹ́, wọ́n sì ń fi í pamọ́ fún ọ̀gá wọn bí àwa ṣe máa ń fi àìsàn pamọ́. Bí ọ̀gá bá rí wọn tí wọ́n ń tiro, wọn á ní òtútù ni. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi kò dákẹ́ ní tèmi. Mo mú wọn lọ sọ́dọ̀ dókítà tí mò ń bá ṣiṣẹ́, ó sì wo orúnkún náà, ó ní àfi kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀.

Àwa tí a wá láti ibi tí ọsibítù ti ń béèrè owó kó tó béèrè ibi tó ń dunni, a mọ ohun tó ya Big Mummy lẹ́nu. Wọ́n dúró de orúkọ wọn fún oṣù púpọ̀, ká sọ òótọ́, mo sì bú gbogbo ayé lóṣù wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kàn wọ́n, àwọn dókítà ṣiṣẹ́ abẹ náà, a jáde, ẹnikẹ́ni ò sì fún wa ní bíìlì. Nígbà tí wọ́n wà nílé tí wọ́n ń kọ́ ìrìn, owó ń wọlé fún wọn láti inú EI, ìyẹn owó tí wọ́n ń yọ díẹ̀díẹ̀ nínú owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ de ọjọ́ tí iṣẹ́ bá bọ́ tàbí tí ara kò bá dá. Big Mummy ti gbà látọjọ́ tó ti pẹ́ pé ìjọba ti gbé ìyẹn mì.

"Wọ́n dá a padà?" Wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Inú mi dùn débi pé ojú mi fẹ́ ṣomi. Ẹni tó ń wa bọ́ọ̀sì wa láàárọ̀, ẹni tó ń ta búrẹ́dì, èmi náà, a ti jọ dáwó fún obìnrin kan tó wà lórí àga pẹ̀lú yìnyín lórí orúnkún. Láti ọjọ́ náà, n kò bú owó tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù mi mọ́. Ó dáa, mo ṣì ń bú u, ṣùgbọ́n mo ti dín in kù.

Wọ́n padà síbi iṣẹ́. Ọ̀gá wọn, nígbà tó wá mọ̀ nípa orúnkún náà, fún wọn ní iṣẹ́ ká jókòó ká máa ká táwẹ́ẹ̀lì. Àwọn kan lára àwọn arúgbó tí wọ́n ń ká táwẹ́ẹ̀lì fún kéré sí wọn lọ́jọ́ orí. Kò sẹ́ni tó mọ̀ níbi iṣẹ́ wọn, ó sì máa ń ká mi lára, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ kí wọ́n ráhùn lẹ́ẹ̀kan. Mo ti rí olódodo tó ń sọ̀rọ̀ òdodo ní mọ́ṣáláṣí. Ẹni tó ń fi ara san án láàárọ̀ nínú bọ́ọ̀sì, òun ni mo wá mọ̀ báyìí.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí ọdún mẹ́rin pé, lẹ́tà ìjọba dé fúnra rẹ̀ sínú àpótí lẹ́tà wa. A kọ fọ́ọ̀mù. Ní oṣù tó tẹ̀lé ọjọ́ ìbí ìyá mi, owó àgbà wọlé fún ẹ̀gbọ́n wọn. Big Mummy ní kí n pe ìyá mi sórí fídíò.

Ìyá mi wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ. Owó ìfẹ̀yìntì nílé lọ́hùn-ún, ti ẹni tó ní fáìlì ní ọ́fíìsì ni. A ti ń gbọ́ pé ìjọba ibẹ̀ fẹ́ kí àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ náà wọ inú ẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì dé ṣọ́ọ̀bù ìyá mi. Wọ́n fẹ́ kúnlẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n wọn gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n Big Mummy ti gbé fóònù lé orí àga, àwọn náà sì ti ń kúnlẹ̀ lórí orúnkún tuntun yẹn.

"Èèwọ̀! Ẹ dìde! Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde!" Ìyá mi ń pariwo.

"Gbọ́ mi ná. Ọjọ́ ìbí rẹ ni wọ́n ń sanwó fún. Ìdajì rẹ̀ á máa wá bá ọ lóṣooṣù, níwọ̀n ìgbà tí mo bá wà láyé. Dárí jì mí."

Mo gbé wọn dìde, nítorí wọn ò lè dá dìde. Ìyá mi sún mọ́ ojú fóònù. Wọn ò béèrè iye tó jẹ́.

"Ṣé òótọ́ ni pé wọ́n kọ ọ́ síwèé níbẹ̀? Ọjọ́ yẹn gan-an?"

"Ọjọ́ yẹn gan-an ni," ni Big Mummy wí.

"Níbí, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni wọ́n kọ sínú ìwé fún mi, torí mi ò ní káàdì." Wọ́n fi etí aṣọ tí wọ́n ń rán nu ojú. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ ní mo dúpẹ́ pé wọ́n mọ ọjọ́ tí wọ́n bí mi."