Ọ̀sẹ̀ Tí Ọmọ Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Sùn

Bátìrì aago ara ògiri ló kọ́kọ́ yọ. Mo wọ pálọ̀ wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, nílùú Èkó, lọ́jọ́ náà, mo bá ọmọ ẹ̀gbọ́n mi lórí àga, ó gbé aago lé itan, ó ń fi ìka wá nǹkan lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní ariwo rẹ̀ ni kò jẹ́ kí òun lè kàwé. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ń bọ̀.

Ọmọbìnrin ẹni ogún ọdún ni nígbà náà, ó wà ní pólì. Bàbá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ti kú nígbà tó wà ní kékeré, ìyá rẹ̀ sì ti lọ́kọ mìíràn ní Ìlọrin, nítorí náà ọ̀dọ̀ èmi àti màmá mi ló dàgbà sí. Ọlọ́yàyà ọmọ ni. Bó bá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ta bọ́tìnnì àti òwú, oníbàárà tó bínú wọlé á rẹ́rìn-ín jáde.

Lẹ́yìn aago, ó kan fóònù. Ó pa tirẹ̀, ó ní kí èmi náà pa tèmi. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹta, kò tíì fojú kan oorun. Kò jẹ oúnjẹ ilé mọ́, àfi bísíkíìtì tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ já ọ̀rá rẹ̀. Màmá mi ní ìwé ló kà jù. Ó wù mí kó jẹ́ pé ìwé náà ni.

Lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀, bí wọ́n ṣe ń pe ìrun Àsárì ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé wa, ó sáré di ọwọ́ mi mú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù rinrin.

"Àǹtí, ẹ gbọ́ ọ, àbí? Wọ́n ń dárúkọ mi níbẹ̀."

"Ta ló ń dárúkọ ẹ?"

"Àwọn tó ń tẹ̀ lé mi. Wọ́n fẹ́ kí gbogbo àdúgbò mọ ilé tí mo wà."

Ìpè tí mo ti ń gbọ́ láti kékeré ni mo gbọ́, kò sí orúkọ ẹnikẹ́ni nínú rẹ̀. Mo ní, "Oorun ló ń kùn ẹ́, jàre." Ó fi ọwọ́ mi sílẹ̀, ó sì wò mí bí ẹni pé èmi náà ti wà lára wọn.

Mo ránṣẹ́ sí àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí wa. Ó dé lẹ́yìn ìrun Mọ̀gáríbì. Ó ní òun mọ Àáfà kan ní ìgbèríko tó máa ń gba irú wọn.

"Wọ́n á dè é mọ́lẹ̀ fúngbà díẹ̀, ara ẹ̀ á balẹ̀. Láàárọ̀ ọ̀la, màá mú ọkùnrin méjì wá."

Màmá mi kò fọhùn. Èmi náà kò fọhùn, ìtìjú rẹ̀ kò tíì tán lára mi dòní. Pákó lásán ló wà láàárín pálọ̀ wa àti yàrá ọmọ náà. Gbogbo ohun tí a sọ pátá ló gbọ́.

Nígbà tí mo fi wẹ̀ tán láàárọ̀, ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí, bàtà rẹ̀ sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo sáré jáde. Aládùúgbò wa kan ní òun rí i nínú aṣọ yẹ́lò, tó ń fi ẹsẹ̀ lásán lọ sí apá CMS. Mi ò mọ bí mo ṣe débẹ̀. Ohun tí mo rántí kò ju pé mò ń wo ojú gbogbo ọmọbìnrin tó bá wọ aṣọ yẹ́lò.

Ẹ̀gbẹ́ ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì ńlá ni mo ti rí i. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí. Èrò ti yí i ká. Ẹnì kan ń sọ pé wèrè tuntun nìyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan gbé fóònù sókè, ó ń ya fídíò.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sílẹ̀," mo ní. "Ọmọ mi ni."

Ó kọ́kọ́ ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Obìnrin kan tó ń ta omi ló bú mọ́ ọn: "Ṣé o ò rí aláìsàn rí ni? Ẹ tú ká! Gbogbo yín, ẹ tú ká!" Ó sì dúró ṣinṣin síwájú wa títí èrò fi fọ́n.

Mo jókòó sílẹ̀ tì í. Kò wò mí.

"Wọ́n ní àwọn máa dè mí."

Mo fẹ́ sọ pé kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀. Ó ti dé ẹnu mi tán kí n tó gbé e mì.

"Wọ́n sọ ọ́ lóòótọ́. Mi ò ní gbà."

"Ẹ gbọ́ wọn báyìí?"

"Mi ò gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo rí i pé ẹ̀rù ń bà ẹ́. Kò sírọ́ nínú ìyẹn."

Ìgbà yẹn ló yíjú sí mi. Fóònù mi dún, màmá mi ni. Ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Ṣó o ti rí i? Alihamudulilahi. Má mú un wá sílé. Wọ́n ti dé, okùn wà lọ́wọ́ wọn. Ọsibítù ni kó o gbé e lọ. Màá dá wọn dúró."

Mo sọ fún ọmọ náà pé dókítà la fẹ́ lọ rí, kí wọ́n bá a wá oorun. Ó bi mí bóyá màá fi í síbẹ̀ lọ. Mo ní tí wọ́n bá dá a dúró, èmi náà á dúró.

A wọ takisí. Bí a ṣe gun orí afárá, ó na ọwọ́ sí ilẹ̀kùn. Dẹ́rẹ́bà rí i, ó fi bọ́tìnnì tilẹ̀kùn pa, ó dún gbàgà. Ọmọ náà figbe ta, ó ń fi èjìká gbá gíláàsì. Mo dì mọ́ ọn. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ rọra dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ ṣí i."

"Màmá, orí afárá là ń wí yìí o!"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣí i. Mo di ọwọ́ ẹ̀ mú."

Ó dúró, ó ṣí i. Mọ́tò ń kọjá fìrì fìrì. Ọmọ náà wo ilẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀, ó wò mí, ó mí kanlẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló fà á padé. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé omi ń ti ojú mi dà.

Dókítà tó gbà wá kéré sí mi dáadáa lọ́jọ́ orí. Kò bi mí ní nǹkan kan títí ó fi bá ọmọ náà sọ̀rọ̀ tán. "Àwọn ohùn yẹn, ọkùnrin ni àbí obìnrin? Kí ni wọ́n máa ń sọ?" Kò wá sí mi lọ́kàn rí láti bi í. Ọmọ náà ní mẹ́ta ni wọ́n, obìnrin kan wà nínú wọn tó máa ń fi òun rẹ́rìn-ín. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ti ń retí pé kí ẹnì kan béèrè. Dókítà wá bi mí bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ rí nínú ẹbí wa. Mo ní rárá.

Irọ́ ni mo pa láìmọ̀. Nígbà tí màmá mi wá wò wá lọ́jọ́ kejì, ó jókòó sí kọ́rídọ̀ ọsibítù, ó sì sọ ohun tí mi ò gbọ́ rí. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tí wọ́n máa ń sọ fún wa pé ó rìnrìn àjò kò padà, ìdè ló kú sí. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ jẹ ẹsẹ̀ rẹ̀, egbò náà kò jinná.

"Èmi ni mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún un," ó ní. "Mo rí egbò yẹn, mi ò sọ̀rọ̀. Lálẹ́ Ọjọ́bọ̀, mi ò tún sọ̀rọ̀. Nígbà tí mo rí okùn lọ́wọ́ wọn, mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ dè mí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n dá ọmọ náà dúró sí ọsibítù. Ó sùn, ó sùn, a fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bẹ̀rù oorun náà. Oògùn mú ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, ó mú un sanra. Ó sọ fún mi pé àwọn ohùn náà ti kó lọ sí yàrá kejì, òun kò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Olórí ẹbí kò yọjú fún oṣù mẹ́rin. Nígbà tó wá, ó gbé ọsàn dání, kò bẹ̀bẹ̀, kò sì dárúkọ Àáfà mọ́.

Àìsàn náà kò lọ tààrà. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ọmọ náà fi oògùn sílẹ̀ láìsọ fún wa, oorun tún bẹ̀rẹ̀ sí í sá. Lọ́tẹ̀ yìí òun ló jí mi láàárọ̀ pé, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lọ rí dókítà." Ó ti padà sí pólì báyìí, kíláàsì kan ló pàdánù.

Èmi ló kù tí ara mi kò tíì balẹ̀. Bó bá pẹ́ díẹ̀ nílé ìwẹ̀, màá dìde. Ó ti sọ fún mi pé kí n yéé ṣọ́ òun, ó sì sọ ọ́ tìbínú-tìbínú. Mo máa ń gbìyànjú láti ka oókan dé ọgọ́rùn-ún kí n tó kan ilẹ̀kùn. Nígbà mìíràn mi ò kà ju ogójì lọ.