"Sorry" Ìyá Onílé Mi

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe kì í yé àwọn ará ilé wa ní Alápẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ṣe kọ́ọ̀sì orí fóònù fún àwọn tó fẹ́ gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, mo sì ń ṣe ti àwọn tíṣà tó ń kọ́ wọn lọ́tọ̀. Lójú ìyá onílé mi tó ń gbé ìsàlẹ̀, ọmọ tí kì í jáde, tó kàn ń dá sọ̀rọ̀ nínú yàrá, àdúrà ló nílò.

Ṣùgbọ́n Mummy, bí mo ṣe ń pè wọ́n, náà ló wá bá mi. Ọmọ wọn ọkùnrin wà ní Kánádà, ọmọbìnrin tó bí síbẹ̀ ò sì gbọ́ Yorùbá. Ní ọjọ́ Àìkú tí wọ́n bá pè, bàbá ọmọ ló ń ṣe ògbufọ̀. Mummy á ṣàdúrà, wọ́n á ki ọmọ-ọmọ wọn ní oríkì títí dé Ṣakí, wọ́n á bi í bó ṣe ń jẹun. Ọ̀gbẹ́ni ògbufọ̀ á ní: "Grandma says hi."

"Hi kẹ̀?" Mummy figbe bọnu. "Gbogbo ohun tí mo sọ, hi ló já sí? Fi mí sínú kọ́ọ̀sì yẹn jàre. Ẹnu ara mi ni mo fẹ́ fi bá ọmọ mi sọ̀rọ̀."

Mo fi wọ́n sí i. Ohùn èmi fúnra mi ló wà nínú rẹ̀: ẹni tó bá gbà á, "Well done!", ẹni tó bá ṣì í, "Sorry!" Ẹ̀kọ́ kìíní lọ geere. Ní ẹ̀kọ́ kejì, Mummy há síbẹ̀. Tíṣà tó ń mójú tó wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní Ketu, fi ohùn ránṣẹ́ sí mi: "Aunty, Mummy yìí ò serious o. Question kan náà ni wọ́n ń fail." Inú bí mi. Èmi tí mo kọ odidi abala kan fún àwọn tíṣà pé kí wọ́n má máa di ẹ̀bi ru akẹ́kọ̀ọ́! Síbẹ̀, mò ń gbọ́ ohùn ara mi láti ìsàlẹ̀: "Sorry! Sorry! Sorry!" Ojú bẹ̀rẹ̀ sí í tì mí.

Mo sọ̀ kalẹ̀. Mummy na ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n ń fi òrí ra orúnkún. Àwòrán ìwé ló wà lójú fóònù. Wọ́n wo àwòrán náà, wọ́n wò mí, wọ́n tẹ "goat".

"Sorry!" ni mo wí látinú fóònù.

"Thank you, my daughter," ni Mummy fèsì.

"Mummy, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ewúrẹ́ nìyẹn."

"Ṣé ojú ló ń dùn mí ni? Orúnkún ló ń dùn mí. Láti ìgbà tí Daddy ti lọ, ta ló ń sọ 'sorry' fún mi nínú ilé yìí? Ìwọ gan-an, ńṣe lo máa ń sáré kọjá. Ọmọ inú fóònù yìí ló ní ẹ̀kọ́ ilé."

Àṣé pẹ̀lẹ́ ni Mummy ń gbọ́ níbi tí mo ti ń sọ pé ẹ kùnà. Mo rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí. Ká sòótọ́, mo jowú ohùn ara mi.

Mo gòkè padà lọ dọ́gbọ́n sí i. Nínú ti Mummy, mo yọ "Sorry" kúrò nídìí àṣìṣe, mo gbé e sí ìparí: àfi tí wọ́n bá gba gbogbo ìbéèrè kí wọ́n tó gbọ́ ọ. Ni Mummy bá dìde sí kọ́ọ̀sì. Tíṣà wa béèrè ìdí tí a fi ń kí ẹni tó yege ní pẹ̀lẹ́. Mo ní ọ̀nà ìkọ́ni tuntun ni. Ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Nígbà tí Mummy parí kọ́ọ̀sì náà, wọ́n ní kí n wá jókòó ti àwọn lọ́jọ́ Àìkú. Ọmọ náà yọjú, ó fajú ro. Ó ti ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, orúnkún rẹ̀ kan bó. Bàbá rẹ̀ ti ń la ẹnu láti ṣe ògbufọ̀, Mummy sì na ọwọ́ dá a dúró.

"Sorry," ni wọ́n wí.

"Why, Grandma? You didn't do it."

Èyí ò sí nínú kọ́ọ̀sì.

"I know," ni Mummy wí. "Sorry, my daughter."

Ọmọ náà gbé orúnkún sún mọ́ fóònù, Mummy sì ń fi ìka ra ojú fóònù níbẹ̀. Ọmọ náà wá gbé ìkejì wá. "This one too, Grandma."

Ìkejì ò bó rárá. Mummy wò ó, wọ́n wò mí, wọ́n ní: "Sorry."