Ìbọn Tí Kò Jẹ́ Kí Bàbá Mi Dọ̀bálẹ̀

Òórùn aró ló máa ń jí wa nílé wa ní Ṣàpọ́n. Ẹni tí ìyá rẹ̀ kò bá ṣe aláró kò lè mọ bí òórùn náà ṣe ń wọ imú lọ dé ọ̀nà ọ̀fun, tí yóò sì jókòó síbẹ̀ títí di ọ̀sán. Ṣùgbọ́n ní òwúrọ̀ Sátidé tí mo fẹ́ sọ yìí, òórùn mìíràn dàpọ̀ mọ́ ọn. Ìyá mi ń yọ́ òrí lórí iná, wọ́n fi káfúrà sí i, wọ́n sì ń fi ìka aláró wọn tó dúdú títí dé orí èékánná pa á sí etí òsì bàbá mi. Bàbá mi jókòó sórí àpótí, wọ́n di ojú. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà.

Bàbá mi ní ọkọ̀ pikọ́ọ̀pù kan tí wọ́n fi ń kó gàrí àti obì láti Owódé wá sí Abẹ́òkúta. Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú òwúrọ̀ yẹn, àwọn adigunjalè dá wọn lọ́nà, wọ́n so wọ́n mọ́ igi ọ̀pẹ, ọ̀kan nínú àwọn olè náà sì fi ìdí ìbọn gbá wọn létí. Etí náà kò gbọ́ nǹkan mọ́ títí ọlọ́jọ́ fi dé. Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni bàbá mi máa ń kọ tí wọ́n bá ń wakọ̀, ohùn wọn kò sì dára rárá, kí Ọlọ́run má bínú sí mi. Lẹ́yìn rẹ̀, wọn kò kọrin mọ́. Bí ewúrẹ́ bá ṣàdédé yọ lójú ọ̀nà, wọ́n á tẹ bíréèkì, wọ́n á sì wo inú igbó lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n tó tún gbéra. Mo gbọ́ tí wọ́n sọ fún ìyá mi pé, "Ìyá Àbẹ̀kẹ́, bí mo bá tún bọ́ sọ́wọ́ wọn lọ́wọ́ òfo, wọ́n á pa mí."

Ìbọn ni wọ́n fẹ́ rà. Kì í ṣe ìbọn gígùn tí ọdẹ ń gbé kọ́ èjìká, èyí tí gbogbo ayé ń rí. Ìbọn ìléwọ́ ni, èyí téèyàn máa fi pamọ́ sábẹ́ bùbá. Ìjọba kì í fún irú wa ní ìwé àṣẹ fún un, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ mọ̀. Ìyá mi wọ aṣọ Sọ́ńdè fún mi láàárọ̀ Sátidé, wọ́n fi òróró pa mí lẹ́sẹ̀, wọ́n ní kí n bá bàbá mi lọ sí Owódé. Ta ló máa fura sí ọkùnrin tó di ọmọbìnrin tó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun lọ́wọ́ mú? Kí á tó kúrò nílé, ìyá mi fà mí létí díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́." Gbólóhùn náà kò kúrò létí mi láti ọjọ́ náà wá.

Ẹ̀yìn ilé alágbẹ̀dẹ kan ni a lọ. Bàbá arúgbó ni, ojú wọn ti pọ́n nítorí èéfín. Wọ́n tẹ́ àpò gàrí sílẹ̀, wọ́n sì kó ìbọn mẹ́ta jáde lé e lórí. Wọ́n ní, "Ìbọn téèyàn máa fi pamọ́ sára yàtọ̀ sí tọdẹ. Ara ẹ ni kóo kọ́kọ́ bi, kóo tó bi ọwọ́ ẹ." Iṣẹ́ tèmi ni kí n jókòó síwájú bàbá mi, kí n máa wò, kí n sì sọ bóyá nǹkan hàn.

Àkọ́kọ́ gùn, ó sì wúwo. Nígbà tí bàbá mi tì í bọ ìbàdí tí wọ́n da bùbá bò ó, gbogbo ìsàlẹ̀ ikùn wọn yọ síwájú. Mo ní, "Ó dà bí ìpá, sà." Bàbá Alágbẹ̀dẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn, bàbá mi náà sì rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí lẹ́nu wọn láti ìgbà tí àwọn olè ti lù wọ́n nìyẹn. Èkejì kéré gan-an, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má kún àtẹ́lẹwọ́, ṣùgbọ́n ìka bàbá mi, ìka ẹni tó ń gbé àpò gàrí láti kékeré, kò ráyè wọ ibi tí wọ́n ti ń fà á. Ẹ̀kẹta ló bá ara wọn mu. Wọ́n jókòó pẹ̀lú rẹ̀, wọ́n dìde. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mú òkúta nílẹ̀. Wọ́n gun ọkọ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tún gùn ún. Lẹ́yìn ìkọ̀ọ̀kan wọ́n á bi mí pé, "Ṣé o rí i?" Èmi náà á ní, "N ò rí i, sà." Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé ohun tí a tìtorí rẹ̀ wá.

Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, Bàbá Alágbẹ̀dẹ di bàbá mi lọ́wọ́ mú. Ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn. Wọ́n ní, "Ìbọn yìí ò mọ olówó ẹ̀ o. Má jẹ́ kí nǹkan tẹ̀ ẹ́, ó lè dún. Má fi ikùn lé e." Bàbá mi ní àwọn gbọ́.

Alágbẹ̀dẹ ní kí á lọ ra àkọ̀ rẹ̀ lọ́dọ̀ oníṣẹ́ awọ, bàbá mi kọ̀, nítorí ẹnu oníṣẹ́ awọ. Ìyá mi ló rán an. Wọ́n gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kákí àtijọ́ kan, wọ́n ṣẹ́ ẹ po lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n sì fi àdìrẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa láró tẹ́ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ́kọ́ rán fẹ̀ jù: bàbá mi lóṣòó láti fọwọ́, ìbọn jábọ́ sínú abọ́ omi, ìyá mi sì pariwo "Jésù!" tí aládùúgbò fi béèrè ohun tó dé. Èkejì há jù. Ẹ̀kẹta ló gbà á dáadáa, níwájú, lápá ọ̀tún ìdodo, ibi tí ọwọ́ ti máa tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Òógùn mú kí aró náà ṣí, gbogbo ìsàlẹ̀ ikùn bàbá mi sì dúdú bí ọwọ́ ìyá mi. Ìyá mi ní àwọn ti wá pa ọkọ àwọn láró pọ̀ mọ́ aṣọ.

Gbogbo ohun tí ara ọkùnrin lè ṣe ni a dán wò, àfi ìdọ̀bálẹ̀. Àwa Ẹ̀gbá! Àwa tí à ń dọ̀bálẹ̀ kí á tó fọ ẹnu láàárọ̀. Bàbá mi kò rò ó, alágbẹ̀dẹ kò rò ó, èmi tí wọ́n fi ṣe olùwòran náà kò rò ó.

Bàbá mi ní ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo, Bàbá Ìbarà ni a ń pè wọ́n nítorí Ìbarà ni ilé wọn wà. Akọ̀wé kóòtù tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n, wọ́n jẹ́ àgbà ìjọ, òfin sì wà lára wọn bí awọ. Àwọn ló tọ́ bàbá mi lẹ́yìn ikú òbí wọn. Ní gbogbo ọjọ́ Sọ́ńdè, tí a bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, a máa ń lọ kí wọn. Bàbá mi á dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀, Bàbá Ìbarà á sì pè wọ́n ní "Àjàní," wọ́n á ki oríkì wa títí á fi sú àwa ọmọ, kí wọ́n tó ní, "Dìde." Ní àkókò yẹn bàbá mi kì í ṣe ẹnìkan tó ní ọkọ̀ àti ìyàwó. Àbúrò ẹnìkan ni wọ́n, ó sì máa ń hàn lójú wọn pé ó tù wọ́n lára.

Ní Sọ́ńdè àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí a ra ìbọn, bàbá mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, wọ́n sì dúró. Wọn kò lè fi ìbọn sílẹ̀ nílé nítorí àwa ọmọ, wọn kò sì lè fi í sínú ọkọ̀ kí ẹlòmíràn má baà rí i. Mo rí i tí ọ̀rọ̀ Bàbá Alágbẹ̀dẹ padà wá sí iyè wọn. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ní ìbàdí, wọ́n ní, "Ẹ kú ilé o, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má bínú, ìbàdí ló ń dùn mí." Bàbá Ìbarà ṣàánú wọn, wọ́n tilẹ̀ fún wọn ní ìpara. Sọ́ńdè kejì, bákan náà. Ní Sọ́ńdè kẹta, Bàbá Ìbarà dúró lójú fèrèsé, wọ́n rí àbúrò wọn tó fò sọ̀ kalẹ̀ láti inú pikọ́ọ̀pù bí ọmọ ogún ọdún. Nígbà tí bàbá mi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ìbàdí tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, Bàbá Ìbarà yí ojú kúrò lára wọn. Wọ́n kàn ń wo igi máńgòrò iwájú ilé.

Lọ́jọ́ yẹn ni Bàbá Ìbarà ní kí n bá àwọn bu omi wá sínú yàrá. Mo kúnlẹ̀ gbé e fún wọn, wọn kò mu ún. Wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́, ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Kí ni mo fi ṣẹ bàbá ẹ? Ṣé torí ó ti ní ọkọ̀ ni?" Ohùn wọn kì í ṣe ohùn akọ̀wé kóòtù mọ́. Ó dùn wọ́n, èmi ọmọdé sì gbọ́ pé ó dùn wọ́n. Gbólóhùn kan ṣoṣo ló máa yanjú gbogbo rẹ̀. Mo wo ẹsẹ̀ mi, mo rántí ètè àìmétè, mo ní, "N ò mọ̀, sà."

Wọ́n ní, "Ó dáa. Sọ fún un pé kó má yọ ara ẹ lẹ́nu wá kí mi mọ́."

Mo jíṣẹ́ náà nínú ọkọ̀. Bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n gbé orí lé ìtọ́kọ̀. Wọ́n ní ní Sọ́ńdè tó ń bọ̀ àwọn máa bọ́ nǹkan yìí sílẹ̀, àwọn máa dọ̀bálẹ̀, àwọn máa sọ òtítọ́, kódà bí Ẹ̀gbọ́n bá máa fi ọlọ́pàá mú àwọn. Ṣùgbọ́n kí Sọ́ńdè tó pé, àwọn olè yìnbọn pa awakọ̀ kan lójú ọ̀nà Owódé kan náà. A gba iwájú ilé Ìbarà kọjá lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, bàbá mi kò yà. Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, ojú ń tì wọ́n, a kò lọ. Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀, ẹnìkan wá kan ilẹ̀kùn wa pé Bàbá Ìbarà ti lọ.

Nígbà tí a dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, bàbá mi tú ìgbànú, wọ́n bọ́ ìbọn tàkọ̀tàkọ̀ fún ìyá mi, ìyá mi sì fi gèlè wé e. Bàbá mi wọlé, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja nílẹ̀ ìdí ibùsùn, àyà, ikùn, gbogbo rẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, Ẹ̀gbọ́n mi." Àwọn ìyá àgbà ní ó tó, kí wọ́n dìde. Wọn kò dìde. Wọ́n ń retí ẹni tí yóò pe Àjàní. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo mọ ohun tí mo mọ̀, ó sì wúwo fún mi ju ohun tí ìyá mi gbé lọ́wọ́ lọ. Ìyá mi ló fà wọ́n dìde nígbẹ̀yìn.

Ìbọn náà kò dún rí. Bàbá mi jù ú sínú odò Ògùn lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n sì wakọ̀ lójú ọ̀nà Owódé fún ọdún pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́ òfo, kò sí olè tó tún dá wọn dúró. Ìyá mi kì í ju aṣọ nù, nítorí náà àkọ̀ náà wà. Ó wà nínú àpótí mi lónìí. Bí mo bá ṣí i, ó ṣì ń rùn bí aró.

Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, orúnkún mi kò gbọ́ràn mọ́, àwọn nǹkan tó yẹ kó ya èèyàn lẹ́nu sì ti dẹ́kun yíyà mí lẹ́nu. Túnjí, àbíkẹ́yìn mi tí mo bí lẹ́yìn ikú bàbá mi, ń sin adìyẹ lẹ́yìn Owódé. Àwọn ajínigbé ti gbé ẹni tí oko rẹ̀ bá tirẹ̀ pààlà. Ọmọ yìí kò wọ ilé mi láìdọ̀bálẹ̀ rí. Ní òwúrọ̀ Ajé tó kọjá, ó wọlé pẹ̀lú bùbá gbàgẹ̀rẹ̀, òun tí kì í wọ̀ ju síńgílẹ́ẹ̀tì lọ sóko. Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ní ìbàdí.

"Ẹ káàárọ̀, Mọ́mì. Ẹ má bínú, ẹ̀yìn ló ń dùn mí."

Ó rẹ̀ mí. N kò bínú, n kò sì pariwo. Ó kàn rẹ̀ mí bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé tí wọ́n ní kó padà síbẹ̀. Mo ní, "Túnjí, bọ́ nǹkan tó wà ní ìbàdí ẹ sílẹ̀ kóo tó kí mi."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Ara ẹ ló sọ fún mi."

Ó gbé e lé orí tábìlì. Tirẹ̀ dára, àkọ̀ awọ dúdú tó ń dán, kò sí aró nínú rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, mo sì pè é ní Àjàní, oríkì bàbá mi tí mo fún un. Mo ki oríkì wa dé ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé. Lẹ́yìn náà mo sọ gbogbo ìtàn yìí fún un, títí dórí "N ò mọ̀, sà," tí n kò tíì sọ fún ẹ̀dá alààyè kankan rí. Ó gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ó wá ní, "Mo ti gbọ́, Mọ́mì. Tí wọ́n bá dá mi lọ́nà lónìí ńkọ́?"

Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, mo ní ìdáhùn, n kò ní ẹnu. Ní báyìí mo ní ẹnu, n kò ní ìdáhùn. Ó dìde, ó ti ìbọn bọ ìbàdí padà, ó fa bùbá bò ó, ó sì yí díẹ̀ sí apá ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé.

"Ṣé ẹ rí i?" ni ó bi mí.

Bùbá náà tẹ́jú. Kò sí ohun kankan tó yọ.

"Mo rí i," ni mo sọ.