Èékánná Tí Kò Sí Nínú Tẹlifíṣọ̀n

Èmi ni mo kọ ìwé tí wọ́n mú jáde láti inú eré tẹlifíṣọ̀n kan, eré sáyẹ́ǹsì nípa àwọn ọmọ Yorùbá méje tí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sínú sánmà láti wá ilẹ̀ míì tí èèyàn lè gbé. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé òǹkọ̀wé ńlá ni mí. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ìgò oníke ní Ìlúpéjú ni mo ti ń jẹun, ẹ̀ka tó ń yẹ ọjà wò ni mo wà, àbùkù kì í sì í pamọ́ lójú mi. Àwọn tó ṣe eré náà, tí ọ́fíìsì wọn wà ní Opebi, rí àwọn ìtàn kéékèèké tí mo máa ń kọ sórí fóònù, wọ́n ní kí n sọ eré àwọn di ìwé. Mo ti gbà kí wọ́n tó parí ọ̀rọ̀.

Nínú eré náà, ọkùnrin tó ń tún ẹ̀rọ ọkọ̀ ṣe kú sínú sánmà. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ọkọ̀ gbàdúrà lé e lórí, wọ́n sì ti òkú rẹ̀ síta láti ẹnu ọ̀nà. Ó tán. Ìpolówó ọṣẹ ló tẹ̀ lé e. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú tí wọ́n fi í hàn, èmi àti màmá mi la jọ ń wò ó nílé wa ní Dopemu. Màmá mi pa ohùn tẹlifíṣọ̀n, wọ́n kọjú sí mi.

"Ta ló gé irun ẹ̀? Ta ló gé èékánná ẹ̀?"

Láyé àwọn màmá mi, tí èèyàn bá kú síbi tí wọn ò ti lè gbé òkú rẹ̀ wálé, wọ́n á gé irun àti èékánná rẹ̀, wọ́n á dì í sínú aṣọ funfun, ìyẹn ni wọ́n á gbé wálé wá sin. Ìbéèrè yẹn ò jẹ́ kí n sinmi. Nígbà tí mo kọ̀wé dé ibẹ̀, mo kọ odindi orí kan tí kò sí nínú eré. Ọ̀gá ọkọ̀ gé irun ọkùnrin náà, ó gé èékánná rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó dì wọ́n sínú aṣọ funfun, ó sì kó wọn sínú àpótí irinṣẹ́ tí olóògbé náà fi sílẹ̀. Mo sunkún nígbà tí mò ń kọ ọ́, ojú ò tì mí láti sọ ọ́.

Ìwé jáde, ó tà tán, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó mọ eré náà bí ẹni mọ Àdúrà Olúwa ń kọ ọ́ sórí ẹ̀rọ ayélujára pé òǹkọ̀wé yìí parọ́. Ọ̀kan ní òun wo ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, òun ò rí sísọ́ọ̀sì kankan. Ní ọjọ́ Ajé kan, ọ̀gá àwọn tó ṣe eré náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń pè mí ní Àǹtí, pè mí lórí fóònù.

"Àǹtí, ẹ má bínú. A fẹ́ tún ìwé yẹn tẹ̀, but a gbọ́dọ̀ yọ chapter yẹn kúrò. Àwọn fans ń pariwo gan-an."

"Ṣé gbogbo wọn ni?"

"Àwọn tó ń pariwo lèmi mọ̀, Àǹtí. Ẹ fún mi lésì kó tó di Friday."

Mo fẹ́ bú u, mo gbé e mì. Mi kì í jà láìní ẹ̀rí lọ́wọ́.

Níléeṣẹ́ wa, ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní káàdì tirẹ̀. Ẹni tó bá yẹ̀ ẹ́ wò tí ọjà náà sì dára lójú rẹ̀ á fi yíǹkì búlúù tẹ àtàǹpàkò sí i. Ẹni tó bá rí àbùkù á fi yíǹkì pupa kọ ọ́ síbẹ̀. Tí pupa bá ti pé mẹ́ta, ọjà náà ò gbọdọ̀ kọjá géètì. Mo so irú káàdì bẹ́ẹ̀ mọ́ ìwé mi, mo gbé e wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tó ń kó wa láti Dopemu lọ sí Ìlúpéjú. Mo ní kí àwọn òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ mi ka orí yẹn, nínú bọ́ọ̀sì àti níléeṣẹ́, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí, kí wọ́n má wojú mi. Mo wá bá ara mi búra pé tí pupa bá pé mẹ́ta kó tó di ọjọ́ Ẹtì, èmi fúnra mi ni màá yọ orí náà. Alágídí ni mí, ṣùgbọ́n mi kì í rẹ́ni jẹ.

Búlúù mẹ́rin ló kọ́kọ́ wọlé, orí mi sì wú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mẹkáníìkì tó ń tọ́jú ẹ̀rọ iléeṣẹ́ wa kọ pupa àkọ́kọ́: "Nínú sánmà, nǹkan kì í wúwo. Irun tí wọ́n bá gé á máa fò káàkiri, á kó sínú ẹ̀rọ, gbogbo wọn á kú." Inú bí mi, torí pé òótọ́ ló sọ. Èmi tí mò ń rí fọ́nrán irun kan nínú ìgò, mi ò rí ìyẹn. Mo ní wọ́n lè fi aṣọ tútù bo orí rẹ̀ kí wọ́n tó gé e.

"Ẹ yáa kọ ọ́ síbẹ̀, Ma," ló fi dá mi lóhùn. Kò pa pupa rẹ̀ rẹ́.

Lọ́jọ́ Rú, arábìnrin kan tó máa ń jókòó tì mí nínú bọ́ọ̀sì, ọmọ ìjọ Aládùúrà, kọ pupa kejì: "Ẹ̀mí ló ń lọ sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Kí ni ti èékánná? Ìbọ̀rìṣà ni." Mo bi í pé nígbà tí bàbá rẹ̀ kú sí Kánò, ṣé wọ́n fi bàbá sílẹ̀ síbẹ̀ ni. Ó ní rárá, àwọn gbé bàbá wálé.

"Kí lẹ gbé wálé? Ṣé ẹ̀mí ni?"

Ojú fèrèsé ló ń wò títí a fi dé Ìkẹjà. Òun náà ò pa tirẹ̀ rẹ́.

Ọjọ́bọ̀ ni ìkẹta dé. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀, àmì àtàǹpàkò lásán ni, ó pupa fòò. Mo mọ ẹni tó ni ín. Ìyá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó ń to ìdérí ìgò sínú páálí ni. Wọn ò mọ̀wé, ẹni tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ nídìí tábìlì ló ka orí náà fún wọn. Ọkàn mi bàjẹ́. Mo jókòó sórí páálí, mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù sí ọ̀dọ́mọkùnrin Opebi pé kó yọ ọ́. Ó ku kí n fi ránṣẹ́. Àmọ́ níléeṣẹ́ wa, àbùkù tí wọn ò bá dárúkọ kì í ṣe àbùkù, ẹni tó ń yẹ ọjà wò gbọ́dọ̀ lọ bèèrè. Mo lọ.

"Ìyá, pupa lẹ tẹ̀. Kí lẹ rí?"

Wọn ò dá iṣẹ́ dúró. "Ìgbà wo ni wọ́n sin ín?"

"Sin kí ni, Ìyá?"

"Irun àti èékánná yẹn. Mo ní kí wọ́n wo ẹ̀yìn ìwé fún mi. Wọ́n ní ìwé ti parí, inú àpótí ló ṣì wà. Kò délé."

Mo ṣàlàyé pé eré náà parí kí ọkọ̀ wọn tó padà wá sáyé.

"Eré ló parí. Ìyá ọmọ yẹn ńkọ́?"

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi, láìgbójú sókè, pé àkọ́bí àwọn gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ, ó fẹ́ sọdá sí ìlú òyìnbó. Ẹnì kan ló pè láti ojú ọ̀nà pé kí wọ́n má dúró dè é mọ́.

"Èékánná kan péré, ọmọ mi, kò sẹ́ni tó mú un wá fún mi."

Ìbúra mi ló bọ́ sí mi lẹ́nu. Mo ní pupa ti pé mẹ́ta, mo ní mo ti ṣèlérí pé màá yọ orí náà.

Wọ́n wá gbójú sókè. "Ìgò tó bá lábùkù, ṣé a máa ń dà á nù níbí ni? Ṣebí ẹ̀rọ la máa ń dà á padà sí, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí wọ́n tún un ṣe."

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti lò nídìí iṣẹ́ yẹn. Ọwọ́ mi yìí ni mo fi ń kó ìgò tó ní pupa lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń lọ̀ wọ́n. Ojú tì mí gidigidi.

Mo pa ọ̀rọ̀ tó wà lórí fóònù rẹ́, mo pe ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo ní orí yẹn ò kúrò, màá sì tún kọ òmíràn sí i.

"Àǹtí, kò sí nínú TV o."

"Mo mọ̀. Tí ẹ bá yọ ọ́, ẹ yọ orúkọ mi náà kúrò lára ìwé."

Mo kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Mo fi aṣọ tútù mẹkáníìkì sí i. Mo ní kí wòlíì aláṣọ funfun kan wà nídìí sàréè tí wọ́n sin irun àti èékánná náà sí, kó ka Sáàmù, nítorí arábìnrin inú bọ́ọ̀sì. Mo wá jẹ́ kí ọ̀gá ọkọ̀ fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sílé ìyá ọkùnrin náà, kó kúnlẹ̀, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbé aṣọ funfun náà fún ìyá rẹ̀. Mo fi ránṣẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀dọ́mọkùnrin náà ní ó dáa, kó wà níbẹ̀, àmọ́ àwọn máa kọ ọ́ síwájú ìwé pé kò sí nínú eré. Mo ní kí wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà.

Ní wákàtí oúnjẹ ọ̀sán, lọ́jọ́ tí ìwé tuntun dé ọwọ́ mi, mo lọ jókòó ti Ìyá láàárín àwọn páálí, mo ka orí tuntun náà fún wọn. Wọ́n ní kí n tún ibi tí ìyá ti gba aṣọ náà kà. Mo tún un kà. Wọ́n ní, "Ẹ̀ẹ̀kan sí i." Ẹ̀ẹ̀kẹta ni mò ń kà lọ́wọ́ tí aago iṣẹ́ fi dún. Wọ́n nu ọwọ́ sára ìró wọn, wọ́n na àtàǹpàkò sí mi.

"Gbé ti búlúù wá."